Èèpo Ìrẹsì, Gásífáyà àti Iná Abúlé: Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ ní Bihar

Ní alẹ́ ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 2007, tí í ṣe àyájọ́ òmìnira Íńdíà, gílóòbù tàn ní Tamkuha, abúlé kan ní àgbègbè West Champaran ní ìpínlẹ̀ Bihar, lápá ibi tí Íńdíà ti bá Nepal pààlà. Wáyà ìjọba kò dé ibẹ̀. Kì í ṣe sólà ló tan iná náà, kì í sì í ṣe dísù. Èèpo ìrẹsì ni wọ́n dà sínú ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní gásífáyà, ẹ̀rọ náà sọ ọ́ di gáàsì, gáàsì yí ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì yí jẹnẹrétọ̀. Nígbà tó fi máa tó bí ọdún márùn-ún, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, Husk Power Systems, ti ní nǹkan bí 80 irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀, tó ń tan iná fún nǹkan bí 300 abúlé, àwọn ènìyàn tó ń lò ó sì tó 200,000. Lónìí, ilé-iṣẹ́ yẹn kan náà ti wọ Nàìjíríà, ṣùgbọ́n sólà ló gbé dé.

Ohun tó wà láàárín méjèèjì ni mo fẹ́ sọ. Lọ́dọ̀ tiwa, ó ṣòro kí wọ́n ṣèpàdé lórí ọ̀rọ̀ iná kí ẹnìkan má dìde kó ní: "Èèpo ìrẹsì kún Igbẹmọ, lẹ́búlẹ́bú pákó kún Òkóbabá, kí ló wá dé tí a ṣì ń jókòó sínú òkùnkùn?" Ìbéèrè gidi ni. Bihar ti dáhùn púpọ̀ nínú rẹ̀, ìdáhùn náà kò sì dùn létí tó bí àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ṣe máa ń sọ ọ́.

Gyanesh Pandey ni orí fún iṣẹ́ náà. Ọmọ Bihar ni, ó ka ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná ní Banaras Hindu University, ó kọjá sí Rensselaer ní Amẹ́ríkà, ó sì ríṣẹ́ sí Los Angeles. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé-ìwé, Ratnesh Yadav, kò kúrò nílé. Òwò ni ó ń ṣe ní Bihar. Àwọn méjèèjì ti wá iná abúlé lọ sí ọ̀nà púpọ̀ kí wọ́n tó kan èèpo ìrẹsì. Wọ́n wo irú sólà olówó pọ́ọ́kú kan tí kò tíì jáde dáadáa nígbà náà. Wọ́n wo epo lápálápá, igi tí àwa fi ń ṣọgbà yí ilé ká. Kò sí èyí tó yanjú. Ní Amẹ́ríkà, Manoj Sinha, ọmọ Bihar mìíràn, àti Charles Ransler, tí wọ́n jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ òwò ní University of Virginia, dara pọ̀ mọ́ wọn. Àwọn ni wọ́n kọ ètò òwò náà sílẹ̀ tí wọ́n fi ń gba ẹ̀bùn níbi ìdíje. Owó ara wọn àti owó ìdíje ló kọ́ àwọn ẹ̀rọ àkọ́kọ́. Shell Foundation wá dá sí i láti ọdún 2008.

Ìrẹsì ni Bihar fi ń yangàn. Bí a bá bó 100 kílò ìrẹsì oníèèpo, nǹkan bí 20 kílò ló máa jáde ní èèpo. Màlúù kì í fẹ́ jẹ ẹ́. Kì í tètè jẹrà, nítorí sílíkà tó wà nínú rẹ̀ pọ̀, ohun kan náà tó wà nínú iyanrìn. Bí ó bá jó, bí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ ló máa ṣẹ́ kù sílẹ̀ ní eérú. Ọlọ́lọ ìrẹsì a kó o jọ sẹ́yìn ilé ọlọ, òkìtì á ga, atẹ́gùn á máa gbé e wọ ojú gbogbo ènìyàn. Ní apá kejì ọ̀rọ̀, ètò ìkànìyàn ọdún 2011 fi hàn pé nínú 100 ilé ní Bihar, kò tó 17 tó ń lo iná mànàmáná láti ríran lálẹ́. Ìpínlẹ̀ yẹn ló kẹ́yìn pátápátá ní Íńdíà. Àwọn yòókù, kẹrosíìnì ni. Ẹni tó bá lówó díẹ̀ lára wọn a máa ra iná lọ́wọ́ onídísù.

Gásífáyà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí epo bẹntiróò di ọ̀wọ́n ní Yúróòpù, ọkọ̀ tó ń gbé gásífáyà sẹ́yìn tí wọ́n ń kó igi sínú rẹ̀ kún títì Sweden àti Jámánì. Bí ó ṣe ń ṣe é nìyí. Bí a bá dáná igi tí atẹ́gùn pọ̀ níbẹ̀, igi yóò jó tán. Bí a bá dín atẹ́gùn rẹ̀ kù, bí àwọn tó ń sun èédú ṣe máa ń fi iyẹ̀pẹ̀ bo igi wọn, yóò gbóná, yóò sì máa rú èéfín, ṣùgbọ́n kò ní jó tán. Gásífáyà fa èéfín yẹn gba inú ẹ̀yinná tó gbóná ju 800 dígírì lọ, ó sì fọ́ ọ sí carbon monoxide, háídírójìn àti méténì díẹ̀. Ohun mẹ́ta wọ̀nyí ló lè jó. Nǹkan bí ìdajì gáàsì náà kò sì wúlò fún iná rárá, náítírójìn inú atẹ́gùn lásán ni. Gáàsì tí kò lágbára ni: agbára rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́fà ti gáàsì inú ilẹ̀. Carbon monoxide inú rẹ̀ sì ń pani láìrùn, láìní àwọ̀. Nítorí náà ilé tí irú ẹ̀rọ yìí bá wà gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ní Íńdíà, àwọn ọlọ́lọ ìrẹsì kan ti ń lo gásífáyà ṣáájú Husk, ṣùgbọ́n wọ́n ń pò ó mọ́ dísù ni. Gáàsì á gba apá tó pọ̀, dísù á gba ìyókù, dísù náà ló sì ń tan iná inú ẹ́ńjìnnì. Pandey fẹ́ yọ dísù kúrò pátápátá, nítorí ó ti ṣírò ó pé bí dísù bá wà níbẹ̀, owó iná kò ní dín tó ohun tí tálákà lè san. Wọ́n ní kó má dán an wò. Ó wá ẹ́ńjìnnì tó ń lo gáàsì nìkan, wọ́n tún un ṣe, ó sì ṣiṣẹ́. Èmi rò pé ìpinnu yìí ló gbé gbogbo òwò náà dúró, ju èèpo ìrẹsì fúnra rẹ̀ lọ.

Ọ̀tá wọn ni ọ̀dà. Kì í ṣe gbogbo èéfín ló máa ń fọ́ tán nínú ẹ̀yinná. Èyí tó bá kù, bí ó bá ti tutù, yóò di ọ̀dà dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan. Èèpo ìrẹsì sì máa ń mú un wá gan-an. Bí ó bá wọ inú ẹ́ńjìnnì, fáàfù á lẹ̀ pa. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn gásífáyà fi pọ̀ ju gásífáyà lọ. Wọ́n á fi omi fọ gáàsì, wọ́n á gbà á gba inú àgbá tí wọ́n kó èèpo àti èédú sí, wọ́n á tún fi aṣọ sẹ́ ẹ kó tó dé ẹ́ńjìnnì.

Ní ìrọ̀lẹ́, kí òkùnkùn tó ṣú, ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ á ti gbé àpò èèpo gun àtẹ̀gùn, á máa dà á sí ẹnu gásífáyà lókè. Èèpo fúyẹ́ púpọ̀, àpò ńlá kan kò wúwo, nítorí náà gígùn àti sísọ̀ kì í tán. Ó máa ń kọ́ra lókè, kó fi àyè sílẹ̀ lábẹ́, bẹ́ẹ̀ iná inú ò gbọdọ̀ rí àyè. Ẹni náà á fi ọ̀pá gún un kó lè wálẹ̀. Wọ́n á tan iná sí i, fáànù á máa fa èéfín. Páìpù kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọ́n ti ń dán gáàsì wò. Wọ́n á ṣá iná sí i: bí iná bá kú, gáàsì kò tíì jinná, bí ó bá dúró tó sì ń jó láìṣẹ́jú, wọ́n á yí kọ́ọ̀kì sí ọ̀nà ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbé e, abúlé á tàn. Láti ìgbà náà títí di ọ̀gànjọ́, wọ́n á máa dà èèpo sí i, wọ́n á máa yọ èédú dúdú kúrò ní ìdí rẹ̀. Bí ó bá di ọjọ́ kejì, aṣọ asẹ́ àti páìpù di fífọ̀.

Ẹ̀rọ kan ń mú nǹkan bí 32 kílówáàtì wá, ó sì ń jẹ nǹkan bí 50 kílò èèpo ní wákàtí kan. Fún wákàtí méje lálẹ́, 350 kílò nìyẹn. Láti rí ìyẹn, ilé ọlọ gbọ́dọ̀ ti bó ìrẹsì oníèèpo tó tó 1,750 kílò lójúmọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ kọ́ irú rẹ̀ sí abúlé kan kọ́kọ́ lọ wo ilé ọlọ tó wà nítòsí, kó ka àpò tó ń wọlé, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán òpó iná.

Òpó náà ńkọ́? Ọparun ni. Wọ́n ta wáyà sórí ọparun láti ilé ẹ̀rọ dé ilé àwọn ènìyàn, kò sì kọjá kìlómítà méjì, nítorí bí wáyà bá gùn jù, iná á ti rẹ̀ kó tó débẹ̀. Ilé tálákà máa ń gba gílóòbù méjì àti ibi tí wọ́n ti ń gba agbára sí fóònù, owó rẹ̀ nígbà náà sì tó nǹkan bí 100 rúpì, owó Íńdíà, lóṣù, tí wọ́n ń san ṣáájú. Fún ọ̀pọ̀ ilé, kò ju ohun tí kẹrosíìnì ń gbà lọ́wọ́ wọn tẹ́lẹ̀ lọ. Olè jíjà kò gbẹ́yìn: àwọn kan ń fi wáyà kọ́ òpó lóru, àwọn mìíràn ń fi fáànù kún ohun tí wọ́n sanwó rẹ̀. Husk fi fíúsì há ilé kọ̀ọ̀kan mọ́ ìwọ̀n tó san fún, nígbà tó yá wọ́n gbé mítà àsansílẹ̀ wọlé. Nílùú tí ẹnì kan ti mọ ẹnì kejì, agbowó iná tó jẹ́ ọmọ abúlé ni iṣẹ́ rẹ̀ le jù nínú gbogbo wọn. Ta ló fẹ́ lọ já iná àbúrò ìyá rẹ̀?

Èédú tó ń jáde nídìí gásífáyà kò ṣòfò. Àwọn obìnrin abúlé ń fi í ṣe igi tùràrí, èyí tí wọ́n ń sun nílé òrìṣà àti nínú ilé ní gbogbo Íńdíà. Owó ń wọlé níbẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà sì ń gba díẹ̀ nínú rẹ̀.

Orúkọ wọn kàn. Acumen, àjọ olùdókòwò kan, fi owó sí i ní 2009, wọ́n gba ẹ̀bùn Ashden ti ìlú London ní 2011, àwọn oníròyìn ń rọ́ lọ sí Bihar. Wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ abúlé níṣẹ́ mẹkáníìkì. Wọ́n ní ẹ̀rọ tí àwọn fúnra wọn ń darí, wọ́n ní èyí tí wọ́n ń gbé fún ẹlòmíràn láti máa darí, wọ́n sì tún ní èyí tí wọ́n ń tà pátápátá fún oníṣòwò àdúgbò tí àwọn á máa bá a tún ṣe. Ẹnu wọn sì ti ń sọ pé ẹ̀rọ tó ju 2,000 lọ làwọn máa kọ́ láàárín ọdún díẹ̀. Kò dé ibẹ̀, kò tilẹ̀ súnmọ́ ọn.

Kí ló fà á? Ohun àkọ́kọ́ ni pé ohun tí a ń dà nù, bí ẹnìkan bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a lójoojúmọ́, ó ti di ọjà. Ọlọ́lọ tó ń bẹ ènìyàn tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n bá òun kó èèpo kúrò lẹ́yìn ilé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í díye lé e. Àwọn tó ń sun bíríkì ń fẹ́ ẹ, àwọn ilé ọlọ ńlá tó ń fi í se omi gbígbóná fún ìrẹsì wọn ń fẹ́ ẹ. Gbogbo ìṣirò owó tó bá dúró lórí pé ọ̀fẹ́ ni èèpo, ìṣirò ọdún kan ni. Ìrẹsì tún ní àsìkò rẹ̀. Iná kò ní àsìkò, ojoojúmọ́ ni.

Èkejì, ọwọ́ ènìyàn. Ẹ̀rọ kékeré tó ń mú 32 kílówáàtì wá ń béèrè ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin: atọ́jú ẹ̀rọ, ẹni tó ń da èèpo, ẹni tó ń bójú tó wáyà, agbowó. Ẹ̀rọ tó tóbi ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá kò nílò kí iye ènìyàn náà di ìlọ́po mẹ́wàá. Iṣẹ́ ọ̀dà kì í sì í ṣe iṣẹ́ tí ọ̀dọ́ tó ti kọ́ mẹkáníìkì tán máa ń fẹ́ dúró sídìí rẹ̀ pẹ́. Bí ẹni kan tó mọ̀ ọ́n ṣe bá ti lọ sí Delhi, abúlé ti wọ òkùnkùn.

Ẹ̀kẹta, alẹ́ nìkan ni. Gílóòbù kì í mú owó púpọ̀ wọlé. Ẹni tó ń rán aṣọ, ẹni tó ń lọ ata, ẹni tó ń jó irin, wọ́n ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, àwọn ló sì lè san owó tó tóbi. Kí ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru túmọ̀ sí ìlọ́po èèpo, ìlọ́po ọ̀dà, ìlọ́po ènìyàn.

Ibẹ̀ ni sólà ti wọlé. Láti 2010 sí 2020, owó páńẹ́lì oòrùn wálẹ̀ ju ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá lọ. Husk bẹ̀rẹ̀ sí í fi páńẹ́lì sẹ́gbẹ̀ẹ́ gásífáyà: oòrùn ní ọ̀sán, èèpo ní alẹ́. Ọgbọ́n rere ni, nítorí kò pọn dandan kí bátìrì pọ̀. Nígbà tó yá, owó bátìrì náà dínkù, páńẹ́lì àti bátìrì sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò iwájú. Páńẹ́lì kì í béèrè ẹni tó máa gun àtẹ̀gùn pẹ̀lú àpò. Ní 2018, ilé-iṣẹ́ náà gba 20 mílíọ̀nù dọ́là lọ́wọ́ àwọn olùdókòwò, Shell àti Engie wà lára wọn, Manoj Sinha ló sì ń darí rẹ̀ nígbà náà.

Láàárín àkókò yìí ni wáyà ìjọba náà ń bọ̀. Ètò Saubhagya, tí ìjọba Íńdíà gbé jáde ní 2017, sọ pé gbogbo ilé gbọ́dọ̀ rí iná, ó sì dé ọ̀pọ̀ ilé ní Bihar. Ará abúlé kì í fi bẹ́ẹ̀ kórìíra iná ìjọba, bó ti wù kó máa lọ kó máa bọ̀, nítorí owó rẹ̀ kéré, ó sì lè gbé fáànù àti fìríìjì. Ní 2014, nígbà tí Greenpeace, àjọ tó ń jà fún àyíká, gbé sólà wọ Dharnai, abúlé mìíràn ní Bihar, tí Nitish Kumar, gbajúmọ̀ olóṣèlú Bihar, sì wá ṣí i, àwọn kan níbẹ̀ dìde, wọ́n ní iná ìjọba làwọn ń fẹ́. N kò bá wọn wí. Ẹni tó bá rí gílóòbù méjì lónìí yóò wá fáànù lọ́la.

Ohun kan wà tí Bihar kò lò dáadáa: ooru. Bí a bá wo 50 kílò èèpo tó ń mú 32 kílówáàtì wá, nínú gbogbo agbára inú èèpo, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà ló ń di iná mànàmáná. Ìyókù ń bá èéfín ẹ́ńjìnnì lọ, ó ń bá omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára lọ, òmíràn wà nínú èédú. Ta ló fẹ́ ra ooru ní abúlé tó ti ń gbóná tẹ́lẹ̀? Ní Güssing, ìlú kékeré kan ní Austria tó wà létí ààlà Hungary, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Gásífáyà tí wọ́n ṣí níbẹ̀ ní 2001 ń jẹ igi, ó ń mú mẹ́gáwáàtì méjì wá ní iná, ó sì ń mú 4.5 wá ní ooru, omi gbígbóná ń gba abẹ́ ilẹ̀ lọ sí ilé àwọn ènìyàn. Ooru ni wọ́n ń tà ju iná lọ. Síbẹ̀, nígbà tí iye tí ìjọba ṣèlérí láti máa fi ra iná náà tán ní 2016, wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ní 2021, Husk ṣí ilé iná mẹ́fà ní ìjọba ìbílẹ̀ Doma àti Lafia ní ìpínlẹ̀ Nasarawa, lábẹ́ ètò iná ìgbèríko tí REA, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún iná ìgbèríko, ń bójú tó. Nasarawa ń gbin ìrẹsì dáadáa. Síbẹ̀, orí sólà ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà kà. Bí àwọn tó ṣe iṣẹ́ èèpo ìrẹsì fún ọ̀pọ̀ ọdún bá dé àárín èèpo ìrẹsì tí wọ́n sì kọ́kọ́ na ọwọ́ sí páńẹ́lì, ẹni tó fẹ́ ta gásífáyà fún wa yẹ kó ní àlàyé lórí ìyẹn.

Àlàyé kan wà tí èmi lè gbà. Kí a má gbé gásífáyà lọ sí abúlé. Kí a gbé e sí ilé ọlọ. Ìrẹsì tiwa, sísè ni a ń sè é kí a tó bó o. Ẹ lọ wo ibi tí àwọn obìnrin ti ń se ìrẹsì ní Igbẹmọ tàbí Ọ̀fadà: àgbá ńlá lórí ààrò, igi ìdáná tí wọ́n fowó rà, èéfín nínú ojú wọn, òkìtì èèpo ìrẹsì sì wà lẹ́yìn ilé tí ẹnikẹ́ni kò fi dáná. Ilé ọlọ tó ń bó tọ́ọ̀nù ìrẹsì márùn-ún lójúmọ́ ní tọ́ọ̀nù èèpo kan. Pẹ̀lú ìwọ̀n Bihar, èyí lè mú nǹkan bí 640 yúnítì iná wá, ọlọ kékeré kò sì yẹ kó lo ju ìdajì rẹ̀ lọ láti bó ìrẹsì náà. Ooru ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì lè ran sísè àti gbígbẹ lọ́wọ́. Èèpo kò ní rìnrìn àjò, kò ní iye ọjà, nítorí ọlọ́lọ kò lè díye lé e fún ara rẹ̀. Ọ̀sán ló ń lo iná náà, nígbà tí iṣẹ́ ń lọ. Bí iná bá ṣẹ́ kù, kó ta á fún àwọn tó yí i ká, kí ó sì jẹ́ àjẹṣẹ́kù lóòótọ́. Àti pé mẹkáníìkì ti wà nílé ọlọ tẹ́lẹ̀, nítorí ọlọ fúnra rẹ̀ kì í yé bàjẹ́.

Lẹ́búlẹ́bú pákó Òkóbabá tí wọ́n máa ń mẹ́nu bà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ó kúná jù, ó máa ń dí gásífáyà bí èyí pa. Àfi kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ di ìṣù, ìyẹn sì gba ẹ̀rọ mìíràn àti owó mìíràn. Èèpo èkùrọ́ sàn jù ú lọ, ṣùgbọ́n àwọn tó ń rà á lọ sí òkè òkun ti ń bá wa du ú.

Bí ọlọ́lọ kan bá wá fẹ́ rà á, ìbéèrè tí èmi máa ní kó bi ẹni tó ń tà á kò kan iye kílówáàtì. Kó bi í pé níbo ni omi tí wọ́n fi fọ gáàsì máa lọ, omi dúdú tó ń rùn, tó ní ọ̀dà nínú. Bí ẹni náà bá na ọwọ́ sí gọ́tà tàbí sí odò, kó sin ín dé ẹnu ọ̀nà.